Nígbà tí tíṣà wọn ò wá: bí ẹ ṣe lè mú kíláàsì ẹlòmíì ṣiṣẹ́ di agogo ìparí

Ọ̀gá ilé-ìwé á kàn yọjú lójú fèrèsé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo Pírámárì 3, ara tíṣà wọn ò yá." Ẹ mú báírò, ẹ lọ. Kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, ariwo ti gba yàrá, ọmọ méjì ti ń jà lórí ìrésà, ẹnì kan ń sunkún, tíṣà kíláàsì kejì sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò yín bíi pé ẹ̀yin gan-an lẹ ń pariwo. Ọ̀pọ̀ tíṣà tí kíláàsì tirẹ̀ ń tòrò minimini lọ́jọ́ gbogbo ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí. Àgùnbánirọ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì rán wá fi iṣẹ́ tíṣà dánra wò ló ń jìyà rẹ̀ jù, torí àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rán.

Ohun tó ń fà á ni pé a máa ń wọ kíláàsì ẹlòmíì bí ẹni tó fẹ́ tẹ ìlú tuntun dó. Ìlú ọ̀hún ti wà tipẹ́. Ó ti ní òfin, ó ti mọ ẹni tó ń pín ìwé àti ẹni tó ń nu bọ́ọ̀dù. Ohun tó kù fún yín ni kí ẹ wá àṣà yẹn kàn, kí ẹ gbà á lò, kí ẹ sì rí i pé iṣẹ́ ò tán lọ́wọ́ àwọn ọmọ nígbà kankan. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tiwa níbí ni mo ní lọ́kàn, níbi tí ọmọ 50 lè kún yàrá kan bó tilẹ̀ jẹ́ pé 35 ni ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ní kó wà lọ́wọ́ tíṣà kan.

Ohun tí ẹ máa kó dání

Ẹ má wọlé lọ́wọ́ òfo. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ò ju ohun tí ẹ lè kó jọ kí agogo tó lù lọ:

- Rẹ́jísítà kíláàsì náà àti táímù-tébù wọn. Bí táímù-tébù ò bá sí lára ògiri, ó máa ń wà lẹ́yìn ìwé mọ́nítọ̀.
- Ìwé iṣẹ́ ọmọ méjì tó ń kọ̀wé dáadáa. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ibi tí tíṣà wọn kọ́ wọn dé ní tòótọ́. Lẹ́sìn-nóòtì lè ti sáré ṣíwájú nítorí àwọn tó ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò; gbogbo wa la mọ bó ṣe ń rí. Ìwé ọmọ kì í parọ́.
- Ṣọ́ọ̀kì tiyín, dọ́sítà, báírò pupa. Kọ́bọ́ọ̀dù tíṣà sábà máa ń wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á sì wà nínú báàgì ẹni tí kò wá.
- Aago ọwọ́. Bó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti ń wo àsìkò, kò sí ọmọ tó máa gbà pé àsìkò lẹ ń wò.
- Iṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n lè ṣe láìsí ìwé kíkà: ìṣirò kan, ohun kíkọ kan, ohun yíyà kan. Kó jẹ́ ohun tí wọ́n ti kọ́ rí.
- Àlọ́ àpamọ̀ bíi mẹ́rin, tàbí ìtàn kan tí ẹ lè sọ láìwo ìwé.
- Bébà kan tí ẹ máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí fún tíṣà wọn.

1. Ẹ bi tíṣà tó múlé tì wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta

Ìdúró ìṣẹ́jú méjì lẹ́nu ọ̀nà ni. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé, "Kí ni tíṣà wọn máa ń ṣe tí wọ́n fi ń dákẹ́?" Kò sí kíláàsì tí kò ní tiẹ̀. Ní ibòmíì, àtẹ́wọ́ mẹ́ta ni tíṣà máa pa, àwọn ọmọ á pa mẹ́ta padà. Ní ibòmíì, ó máa ní "Ení bí ení," wọ́n á dáhùn "Èjì bí èjì," ohùn á sì máa relẹ̀ títí wọ́n á fi dákẹ́. Àwọn tíṣà kan kàn máa ń gbé ọwọ́ sókè ni. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, òun ni kí ẹ lò, kódà bó bá dà bí eré ọmọdé lójú yín. Ẹ má kọ́ wọn ní tuntun. Tiwọn ti wọ̀ wọ́n lára. Tiyín máa gba ọ̀sẹ̀ kan kó tó mọ́ wọn lára, ẹ ò sì ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ìkejì: "Ta ni ara rẹ̀ ò le nínú wọn?" Ẹ má fojú kéré ìbéèrè yìí. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS kò gbọdọ̀ jẹ òùngbẹ, kò sì gbọdọ̀ dúró nínú oòrùn. "Kúnlẹ̀ síta" tí ọmọ míì máa ṣe tó sì máa dìde rẹ́rìn-ín lè gbé òun dé ọsibítù. Ọmọ tó ní ikọ́ fée kò yẹ kó jẹ́ ẹni tí ẹ máa ní kó lọ gbọn dọ́sítà. Tíṣà wọn mọ gbogbo èyí láìronú. Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n.

Ìkẹta: "Àwọn méjì wo ni kì í jókòó pọ̀?" Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé tíṣà ò wá, àwọn méjì yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá ara wọn lọ.

Bí tíṣà ìtòsí ò bá mọ̀, ẹ pe mọ́nítọ̀ síta, kí ẹ bi í jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ má ṣe béèrè lójú gbogbo kíláàsì, torí ọmọ tí ẹ bá dárúkọ àìsàn rẹ̀ ní gbangba, wọ́n máa fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́ títí táàmù á fi parí. Ẹ lè wọlé nígbà tí ẹ bá ti mọ àmì ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn, tí ẹ mọ orúkọ mọ́nítọ̀, tí ẹ sì mọ ọmọ tí ẹ ò gbọdọ̀ fi ìyà oòrùn jẹ.

2. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ ṣáájú ọ̀rọ̀

Ibí yìí ni kíláàsì ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Tíṣà wọlé, àwọn ọmọ dìde, wọ́n kígbe "Gúùdù mọ́níìn sà," tíṣà wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: orúkọ òun nìyí, ara tíṣà wọn ò yá, òun ò fẹ́ ariwo o, òun kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń bá ṣeré o. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, àwọn tó wà lẹ́yìn ti lóye ohun kan ṣoṣo, pé kò tíì sí iṣẹ́.

Ẹ dá wọn lóhùn ìkíni, ẹ ní kí wọ́n jókòó, kí ẹ sì kọjú sí bọ́ọ̀dù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ kọ ìṣirò márùn-ún síbẹ̀. Kí àkọ́kọ́ rọrùn débi pé ẹni tó rẹlẹ̀ jù nínú wọn lè ṣe é. Kí ìkarùn-ún le díẹ̀. Ká ní ẹ lè tètè dé kí wọ́n tó dé láti ibi ìpéjọ àárọ̀, kí wọ́n wá bá iṣẹ́ náà lórí bọ́ọ̀dù, ìyẹn dára ju gbogbo rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ ní ṣókí:

"Ẹ mú ìwé ìṣirò yín jáde. Ẹ kọ déètì. Ẹ ṣe márààrún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Ìgbà tí orí wọn bá ti tẹ̀ ba ni kí ẹ tó sọ irú ẹni tí ẹ jẹ́, gbólóhùn mẹ́ta péré: orúkọ yín, ìgbà tí tíṣà wọn máa dé bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, àti pé gbogbo ìwé tí wọ́n bá kọ lónìí ni tíṣà wọn máa rí. Gbólóhùn kẹta yẹn lágbára ju ìhàlẹ̀ lọ. Ẹ má sì sọ ọ́ tí ẹ ò bá ní ṣe é.

Ohun mẹ́ta wà tí ẹ ò gbọdọ̀ sọ. Ẹ má sọ pé, "Èmi kọ́ ni tíṣà yín," kódà ní eré. Ẹ ti já okùn tí ẹ fẹ́ fi dè wọ́n. Ẹ má sọ pé, "Bí ẹ bá ṣe dáadáa, màá jẹ́ kí ẹ lọ ṣeré," torí wọ́n máa béèrè ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún bóyá ó ti tó. Ẹ má sì bi gbogbo kíláàsì pé, "Ibo lẹ kọ́ dé?" Ìdáhùn ogójì lẹ máa gbà lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn kan á sì búra pé àwọn ò ṣe ohun tí wọ́n ṣe lánàá rí. Ìwé wọn ti wà lọ́wọ́ yín.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ lọ dúró sẹ́yìn kíláàsì, kí ẹ wo ọwọ́ wọn. Bí àwọn tí kò tíì kọ nǹkan kan bá ju márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ, ó lè jẹ́ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ le jù tàbí pé wọn ò rí bọ́ọ̀dù. Ẹ fi èyí tó rọrùn rọ́pò rẹ̀, tàbí kí ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá. Bí gbogbo ọwọ́ bá ń lọ, ẹ tẹ̀ síwájú.

3. Ẹ wá orúkọ wọn

"Ìwọ tó wọ búlúù yẹn!" Ìgbà wo ni gbogbo wọn ò wọ búlúù? Níbi tí yúnífọ́ọ̀mù wà, àìmọ orúkọ ni àìlágbára tíṣà. Àwọn ọmọ náà mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń lò ó: Pírámárì 4 sókè, ẹ retí pé ẹnì kan máa jẹ́ "Present" fún ẹlòmíì, tí ìyókù á sì máa rẹ́rìn-ín sínú àtẹ́lẹwọ́.

Ẹ ní kí kálukú ya ààbọ̀ ojú ìwé, kó ká a sí méjì, kó kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà, kó sì gbé e ró sórí dẹ́sìkì. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ, kí ẹ mú rẹ́jísítà rìn láti ìlà dé ìlà, kí ẹ fi orúkọ orí dẹ́sìkì wé orúkọ tó wà lẹ́yìn ìwé wọn. Bẹ́ẹ̀ lẹ ò ní dá iṣẹ́ dúró fún ìpè orúkọ, ẹ ò sì ní kọ irọ́ sínú rẹ́jísítà. Ìwé tí àwọn aláyẹ̀wò ń yẹ̀ wò ni rẹ́jísítà. Ohun tí kò bá dá yín lójú, bébà ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sí.

Orúkọ tí ẹ bá rí, ẹ kọ́kọ́ fi yin ọmọ. "Àyọ̀délé ti dé ìkẹta." "Ràfíátù, ìwé rẹ mọ́." Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà ìbáwí nìkan lẹ ń pe orúkọ, wọ́n á máa ṣẹ́ bébà náà pa mọ́ ni. Bí ẹ bá ti lè pe ọmọ mẹ́wàá ní orúkọ láìwo dẹ́sìkì wọn, ìpele yìí ti bọ́ sí i.

4. Ẹ gé pírìọ́dù sí wẹ́wẹ́

Ogójì ìṣẹ́jú gùn lójú ọmọ ọdún mẹ́jọ tí tíṣà rẹ̀ ò sí nílé-ìwé. Ẹ pín in: ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún yín láti ṣàlàyé lórí bọ́ọ̀dù, ogún ìṣẹ́jú fún iṣẹ́ ọwọ́ wọn, mẹ́wàá fún àtúnṣe. Fún Pírámárì 1 àti 2, ẹ tún gé e kéré sí i. Kí àlàyé má ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kí wọ́n sì dìde nàró lẹ́ẹ̀kan láàárín.

Ẹ̀kọ́ tuntun ńkọ́? Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan péré lẹ máa lò, ẹ fi í sílẹ̀. Tíṣà wọn á tún un kọ́ lọ́nà tirẹ̀, orí àwọn ọmọ á sì dàrú láàárín ọ̀nà méjì. Ẹ mú ohun tí wọ́n kọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí ẹ jẹ́ kí ó jinlẹ̀ sí i.

Àṣẹ kan lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ mú ìwé yín, ẹ fa ìlà, ẹ kọ àkọlé, ẹ ya àwòrán, ẹ dárúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀": kí ẹ tó dé àwòrán, ìdajì wọn ṣì ń wá rúlà. Ẹ sọ èyí àkọ́kọ́, ẹ dúró, ẹ wò ó, kí ẹ tó sọ ìkejì.

Èyí tó burú jù ni "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo wọn á hó "Yẹ́ẹ̀ẹ̀s sà!" Orin ni wọ́n ń kọ, kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú òye. Ẹ fi ìbéèrè tó ní ìdáhùn rọ́pò rẹ̀, kí ẹ bi ẹnì kan ṣoṣo: "Bọ́láńlé, kí ni a fẹ́ kọ́kọ́ ṣe?" Kí ẹ sì tún bi ẹnì kan nínú àwọn tó wà nídìí fèrèsé lẹ́yìn. Bí àwọn méjèèjì bá sọ ohun kan náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bí wọn ò bá rí i sọ, ẹ má bínú. Ẹ tún un sọ ní ṣókí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ni kò jẹ́ kó yé wọn, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, kí iṣẹ́ máa lọ.

Kíkọ nóòtì gígùn láti bọ́ọ̀dù tún wà, tí a máa ń sá sí torí ó ń mú wọn dákẹ́. Ó ń mú wọn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, àwọn tó yára ti parí, wọ́n ti yíjú sẹ́yìn. Àwọn tí kò yára ti sọ ìrètí nù. Ẹ̀yin náà sì ti kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn látìgbà tí ẹ ti ń kọ ọ́.

5. Ẹ má jókòó, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tò sídìí tábìlì yín

Bí mo bá fẹ́ mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ìwé yìí fún tíṣà tuntun, èyí ni màá mú. Ẹ wo bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀: tíṣà jókòó, ó ní, "Ẹni tó bá ti parí kó mú ìwé wá." Ọmọ méjì dìde, wọ́n di márùn-ún, wọ́n di mẹ́tàlá. Wọ́n ń ti ara wọn. Tíṣà ò rí kíláàsì mọ́ torí orí ọmọ ló yí i ká. Lẹ́yìn wọn, ọjà ti ná.

Ẹ̀yin ni kí ẹ máa lọ bá ìwé níbi tó wà. Ẹ mú báírò pupa, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, torí iwájú ti rí yín tẹ́lẹ̀. Bí ẹ ti ń kọjá, ẹ máàkì èyí tí ọmọ ti ṣe, ìbáà jẹ́ ẹyọ kan, kí ẹ sì sọ èyí tó kàn fún un. Ọmọ tó ti gba "good" lórí ìkìíní máa fẹ́ gbà á lórí ìkejì. Ẹ má pẹ́ ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ lórí ẹnì kan. Èyí tí iṣẹ́ ò yé rárá, ẹ fi àmì sí i, kí ẹ padà wá bá a lẹ́yìn tí ẹ bá ti yí ká lẹ́ẹ̀kan. Kíláàsì ọmọ 40, ẹ lè yí i ká lẹ́ẹ̀kan láàárín ogún ìṣẹ́jú bí ẹ ò bá dúró ṣe ìwàásù.

Nǹkan kejì ni àwọn tó yára. Ariwo kì í sábà ti ọ̀dọ̀ ọmọ tí iṣẹ́ le fún wá. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ti ṣe tán ló ti ń wá. "Lọ ka ìwé rẹ" kì í ṣe iṣẹ́, "Ran ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ lọ́wọ́" sì sábà máa ń di kó kọ ọ́ fún un. Ẹ kọ iṣẹ́ kan tí kò lópin sí igun bọ́ọ̀dù láti àárọ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹni tó bá ti parí kó bọ́ síbẹ̀ láìbéèrè. Irú èyí:

- Ìdáhùn ni 24. Ìṣirò mélòó lo lè kọ tó máa mú un jáde? (Ẹnì kan á kọ 20 + 4, ẹlòmíì á kọ 6 × 4, ẹni tó bá gbọ́n á rí 100 − 76, kò sì ní dúró mọ́.)
- Kọ gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí o bá lè rí nínú INDEPENDENCE: pen, need, nice, deep.
- Kọ orúkọ nǹkan mẹ́wàá tí wọ́n ń tà lọ́jà tó ní "gb" tàbí "ẹ" nínú, kí o sì ya mẹ́ta nínú wọn.

Fún Pírámárì 1, yíyà ló dára jù: "Ya ilé yín. Ya gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀." Wọ́n á pẹ́ lórí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, wọ́n á tún fi adìyẹ kún un.

Ẹ mọ̀ pé ó ń lọ dáadáa bí ẹnikẹ́ni ò bá ti sọ pé, "Sà, mo ti parí, kí ni kí n ṣe?" fún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá ń gbọ́ ọ léraléra, iṣẹ́ igun bọ́ọ̀dù ti kéré. Ẹ fi òmíràn kún un.

6. Bí ariwo bá bẹ̀rẹ̀

Ó máa bẹ̀rẹ̀. Àmì ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ẹ gbà lẹ́nu ọ̀nà, ìsinsìnyí lẹ máa lò ó. Ẹ lò ó lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ má sọ̀rọ̀ sórí ariwo. Ohùn tíṣà tó ga sókè ń fún àwọn ọmọ láyè láti gbé tiwọn ga sí i. Bí ó bá jẹ́ igun kan ló ń pariwo, ẹ má pe gbogbo kíláàsì; ẹ rìn lọ dúró síbẹ̀, kí ẹ máa máàkì ìwé níbẹ̀ láìsọ̀rọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jìnnà sí ìwé "Names of Noise Makers". Mo mọ̀ pé gbogbo wa la dàgbà sínú rẹ̀. Mọ́nítọ̀ á dúró síwájú pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, á kọ orúkọ ẹni tó bá a jà níbi bọ́ọ̀lù. Ẹni tó fún un ní bisikíìtì, á nu tirẹ̀ kúrò. Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ á ní, "Mi ò sọ̀rọ̀!" Ìyẹn náà ti di ọ̀rọ̀, mọ́nítọ̀ á kọ "×2" sí i. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìwé tó yẹ kó dín ariwo kù ni gbogbo ariwo ń dá lé lórí, ọmọ kan tó mọ̀wé dáadáa sì ti dúró láti àárọ̀ láìkọ nǹkan kan. Ẹ fún mọ́nítọ̀ ní iṣẹ́ gidi: kó pín ìwé, kó nu bọ́ọ̀dù, kó ka iye ẹni tó wà. Lẹ́yìn náà kó jókòó ṣe ìṣirò tirẹ̀.

Pàṣán ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ẹ ò mọ ara ọmọ, ẹ ò mọ ilé tó ti wá, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 sì dáàbò bo iyì ọmọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó bá fi ẹgba bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án kò ní ohun tó máa lò ní aago méjìlá.

Fún ọmọ tó ń dán yín wò, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ sọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má gbọ́: "Túndé, ìkẹta ló kù fún ọ. Màá padà wá wò ó." Ẹ kúrò níbẹ̀ kíá. Bí ẹ bá dúró tì í, ó gbọ́dọ̀ ṣe akin lójú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ sì padà wá wò ó lóòótọ́. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ya wọ́n sí dẹ́sìkì tó jìnnà síra, kí ẹ fún àwọn méjèèjì ní iṣẹ́; ẹjọ́ di ìgbà bíréèkì. Ẹlẹ́rìí mẹ́tàdínlógún ló máa jáde bí ẹ bá dá a láàárín kíláàsì.

Wọ́n tún máa sọ fún yín pé, "Àǹtí wa máa ń jẹ́ ká jáde ní àsìkò yìí." Ìdáhùn kan ló wà: "Ẹ jẹ́ ká wo táímù-tébù."

7. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ tọ̀"

Ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi nǹkan kan ṣe ìwé àṣẹ, bí àpẹẹrẹ rúlà pupa kan lórí tábìlì. Ẹni tó bá ń jáde mú un dání, ẹni tó kàn á dúró dè é. Ẹ má kọ̀ fún ọmọ kékeré, ẹ má sì fi omi mímu jẹ ẹnikẹ́ni níyà. Bí rúlà ò bá padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ rán mọ́nítọ̀.

8. Lẹ́yìn bíréèkì

Wọ́n á wọlé pẹ̀lú òógùn, àlàyé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí pápá, àti ẹjọ́. Ẹni tó bá sọ pé kí wọ́n mú ìwé ìṣirò lójú ẹsẹ̀ ń wá wàhálà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mu omi, kí wọ́n gbórí lé dẹ́sìkì fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá fi ohùn jẹ́jẹ́ pa àlọ́: "Àlọ́ o!" "Ààlọ̀!" "Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò." Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó gbé ọwọ́ sókè; ẹni tó bá kígbe rẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ ò sí nínú. Ẹ̀wà ni. Ẹ tún pa ọ̀kan: "Awẹ́ obì kan, à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́." Ahọ́n ni. Ẹ má jù mẹ́ta lọ, torí lẹ́yìn ìkẹta, olúkúlùkù á fẹ́ pa tirẹ̀, àlọ́ ò sì ní tán mọ́.

Láti orí àlọ́, ẹ bọ́ sínú iṣẹ́ kíkọ: "Kọ àlọ́ kan tí o mọ̀, kọ ìdáhùn rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kí o sì yà á." Bí ìmí wọn bá ti rọlẹ̀, tí ẹ sì lè gbọ́ ohùn kíláàsì kejì láti inú tiyín, ẹ ti borí apá tó le jù lójúmọ́.

9. Bí wọ́n bá da kíláàsì méjì pọ̀ fún yín

Èyí kì í ṣe ohun tó dára, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ má gbìyànjú láti kọ́ ọmọ 80 ní ohun kan náà. Ẹ fa ìlà sí àárín bọ́ọ̀dù, iṣẹ́ Pírámárì 3 lápá kan, ti Pírámárì 4 lápá kejì. Kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, pẹ̀lú mọ́nítọ̀ tirẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣàlàyé fún ọ̀kan, kí èkejì wà lórí iṣẹ́ tí kò nílò yín. Àwọn tó ga kó lọ sẹ́yìn. Ẹ ṣí gbogbo fèrèsé. Ooru nìkan tó láti da kíláàsì rú.

10. Àgbálọ àti ìwé tí ẹ máa fi sílẹ̀

Nígbà tó bá ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣẹ́jú kí agogo lù, ẹ dá iṣẹ́ dúró. Ẹ gba ìwé ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ kà á kí ẹ rí i pé ó pé, kí wọ́n gbá ilẹ̀, kí wọ́n kọ iṣẹ́ àṣetiléwá bó bá wà.

Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù ni ẹnu géètì. Tíṣà wọn mọ ìyá Sọlá, ó mọ ọlọ́kadà tó máa ń gbé Kúnlé. Ẹ̀yin ò mọ ẹnì kankan. Ẹ má fa ọmọ kékeré lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ torí pé ẹni náà pe orúkọ rẹ̀ tàbí torí pé ọmọ rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ mú un lọ bá ẹni tó ń ṣọ́ géètì tàbí ọ̀gá ilé-ìwé, kí wọ́n jẹ́rìí. Òbí tó bá bínú lónìí máa dúpẹ́ lọ́la.

Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí fún tíṣà wọn, kó má ju ojú ìwé kan lọ: àwọn tí kò wá, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe àti ibi tí wọ́n dúró, ẹni tí iṣẹ́ ò yé, ẹni tó ṣe dáadáa, ẹ dárúkọ mẹ́ta, àti ìjà tàbí àìsàn tó bá ṣẹlẹ̀. Ẹ má kọ "wọ́n pariwo jù." Ó mọ̀.

Bí ó bá ju ọ̀sẹ̀ kan lọ

Bí tíṣà bá lọ fún ìsinmi ọmọ bíbí, àwọn ìpele òkè yìí á gbé yín dé ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nìkan. Lẹ́yìn rẹ̀, kíláàsì ti di tiyín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tuntun ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí ẹ máa yí àṣà wọn padà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì pe tíṣà wọn lórí fóònù kí ẹ tó yí ìjókòó wọn padà, torí ó lè ní ìdí tó fi to wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ni kíláàsì, tí ẹ sì mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ara ò ní yá, ẹ ṣe fáìlì kan sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé: àwòrán ìjókòó wọn, táímù-tébù, àmì ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yín, orúkọ àwọn tí ara wọn ò le, ẹni tó ń wá gbé ọmọ kọ̀ọ̀kan, àti iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Ẹ pààrọ̀ iṣẹ́ inú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kọ̀ọ̀kan, torí iṣẹ́ táàmù àkọ́kọ́ á ti di eré lójú wọn nígbà tí táàmù kẹta bá fi máa dé.